Abọ́ omi kò lè gba gáàsì èédú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ní bí èédú inú àdògán àlòkù tí ẹ tún ṣe bá ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, a lè gbé e wọ yàrá nígbà ọyẹ́ ní Jos níbí, ká ti ilẹ̀kùn, ká gbé abọ́ omi tì í. Rárá o! Èédú tó pọ́n yòò yẹn ṣì ń tú gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, omi kò sì lè fà á mu. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń gba ipò ọ́síjìn. Agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 ó lé. Ẹni tó ti sùn kì í mọ̀ títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́.

Mo rí i pé ẹ ha ìpẹtà àdògán náà mọ́ tónítóní, wẹ́dà sì ti dí ìdí rẹ̀ tó lu. Iṣẹ́ yẹn dára. Àmọ́ sítóòfù tí àwọn òyìnbó fi ń mú ilé móoru ní páìpù tó ń gbé gáàsì gba òrùlé jáde. Àdògán kò ní in. Ìta ni kí ẹ ti yáná. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín nítòsí rẹ̀, ẹ tètè bọ́ síta, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.