Àfòpiná tó wọlé lálẹ́ kì í ṣe àjẹ́ o

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Kí àfòpiná kan ṣáà ti wọlé lálẹ́ kó máa fò yí gílóòbù po, ẹ̀rù ti ba gbogbo ilé nìyẹn, màmá á pariwo ẹ̀jẹ̀ Jésù, bọ̀dá á gbé sílípáàsì, àǹtí á ní kí wọ́n má wulẹ̀ pa á lásán, kí wọ́n jó o níná ni, torí ẹnì kan lábúlé ló rán an wá. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, mo sì mọ̀ pé tọkàntọkàn ni wọ́n fi gbà á gbọ́. Àmọ́ kì í ṣe òótọ́.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa, Anaphe làwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é. Tẹ́ ẹ bá rí i lára ògiri, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí i. Kò tóbi, tó bá na ìyẹ́ ẹ̀ tán kò tó ìka ọwọ́ yín ní gígùn. Ìyẹ́ náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi wàrà, ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ gbà á kọjá, irun sì bo ara ẹ̀ múlọ́múlọ́ bí ọmọ adìyẹ tuntun. Abo ní ìdì irun kan nídìí, tó bá ti yé ẹyin ẹ̀ sára ewé tán irun yẹn náà ló máa fi bò ó, bí ìyá ṣe ń fi aṣọ bo ọmọ.

Inú igbó nilé wọn, lórí igi bí arère àti ìrà. Tí ẹyin bá pa, àwọn ọmọ kì í túká, wọ́n jọ ń jẹ ewé ni, wọ́n jọ ń rìn, orí èyí nídìí ìyẹn, bí ọmọ iléèwé tó tò wọ kíláàsì. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n ṣá o, irun wọn ń yúnni gan-an. Ìgbà tí wọ́n bá dàgbà tó, gbogbo wọn á jọ hun àpò ńlá kan, oníkálukú á tún wá hun yàrá tiẹ̀ sínú ẹ̀. Àpò yẹn làwọn bàbá wa ń já lórí igi, tí wọ́n ń fi omi eérú sè, tí wọ́n ń ran, tí wọ́n fi ń hun sányán. Sányán gan-an, baba aṣọ! Kì í ṣe òwú tí wọ́n pa láró tí wọ́n ń tà fún wa ní sányán báyìí.

Èyí tó bá jáde nínú àpò kì í jẹun mọ́, ọ̀rá tó kó jọ ní kékeré ló fi ń gbé ọjọ́ díẹ̀ tó kù fún un. Akọ ń wá abo, ó tán. Kí ló fẹ́ wá gbà lọ́wọ́ yín?

Ṣé ti iná lẹ fẹ́ bi mí? Lọ́dún 2024 àwọn onímọ̀ ní Imperial College London àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé èsì jáde, wọ́n fi kámẹ́rà ká bí kòkòrò ṣe ń fò nídìí iná, wọ́n wá rí i pé ẹ̀yìn ló ń kọ sí ìmọ́lẹ̀. Nínú igbó lóru, ojú ọ̀run ló mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, tó bá ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó mọ̀ pé òun ò dojú dé. Gílóòbù wa ló da orí ẹ̀ rú, ó ń kọ ẹ̀yìn sí i ṣáá, bó ṣe ń yí i po nìyẹn.

Ibi tí ewu wà ni kòkòrò ọmọ Anaphe tí wọ́n ń yan jẹ nígbà òjò. Àwọn kan á jẹ ẹ́, wọ́n á bì, ara á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ ò ní lè gbé wọn mọ́, a ó ní ayé ló ṣe é. Dókítà Adámọ̀lékùn kọ ọ́ sínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, lọ́dún 1993 pé kòkòrò yìí ló wà nídìí àìsàn náà, lọ́dún 1994 wọ́n fi hàn pé fítámíìnì B1 ń wò ó. Nǹkan kan wà nínú kòkòrò náà tó ń ba B1 jẹ́, iná ò sì tètè pa á. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni yín, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó jẹ fún dókítà.

Ọ̀kan wọlé tọ̀ mí lálẹ́ àná. Mo pa iná pálọ̀, mo ṣí wíńdò, mo jókòó sínú òkùnkùn, kò pẹ́ ni mo gbọ́ ìyẹ́ ẹ̀ lára nẹ́ẹ̀tì, pẹ̀pẹ̀pẹ̀, mo bá a ká nẹ́ẹ̀tì sókè, ó sì jáde lọ.