Irọ́ ni pé Curry ló kọ́kọ́ fi three-pointer dá wọn lọ́lá: ẹ wá gbọ́ nípa Allan Caidic

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń dùn mí tipẹ́, mo fẹ́ ká jọ yanjú ẹ̀ lónìí. Gbogbo ìgbà tí àríyànjiyàn básíkẹ́tì bá ti bẹ̀rẹ̀, yálà níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ni o, àbí lórí WhatsApp, ẹnì kan á ṣáà sọ pé kí Stephen Curry ti NBA, líìgì básíkẹ́tì tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, tó dé, kò sẹ́ni tó ń ju three tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù téèyàn jù wọlé láti ẹ̀yìn ìlà tó jìnnà sí apẹ̀rẹ̀, tó ń mú póíǹtì mẹ́ta wá, pé ńṣe ni gbogbo ayé kàn ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ kí àwọn tó ga bí òpó iná lè tì í wọlé, pé Curry ló wá la gbogbo wọn lójú. Wọ́n ti tún un sọ títí ó fi di òótọ́ lẹ́nu wọn. Kì í ṣòótọ́. Curry ṣe bẹbẹ, màá dé ibẹ̀, n ò ní fojú kéré iṣẹ́ ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ní òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ń fi ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíì dù wọ́n, èyí tó sì dùn mí jù nínú wọn ni ọkùnrin ará Philippines kan tó ń jẹ́ Allan Caidic.

Ẹ jẹ́ n mú yín lọ síbi tó gbóná jù. 21 November 1991, nínú PBA, ìyẹn líìgì àwọn tó ń fi básíkẹ́tì ṣiṣẹ́ jẹun ní Philippines, Presto Tivoli ń bá Ginebra gbá. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn yà yín lẹ́nu o, lọ́hùn-ún ọjà tí kọ́ńpìnì ń tà ni wọ́n fi ń sọ tíìmù lórúkọ, Presto jẹ́ áìsìkirímù, Ginebra jẹ́ jíìnì, San Miguel jẹ́ bíà, Great Taste jẹ́ kọfí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Caidic nìkan jẹ 79 póíǹtì. Three-pointer 17 ló wọlé nínú ẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò, 17 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 51, ìyẹn ni pé three nìkan ti fún un ní 51 ká tó wá ka 28 tó kù, àwọn tó jù nítòsí àti free throw, ìyẹn bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣe fáólù sí. Ginebra tí wọ́n ń bá gbá yẹn kì í ṣe tíìmù ọlẹ o, Robert Jaworski ni kóòṣì wọn, òun fúnra ẹ̀ ṣì ń wọ jẹ́sì gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú wọn lẹ́ni ọdún 45, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ wọ́n sí àwọn tí kì í gbà fún èèyàn, wọn á tì ẹ́, wọn á fi ìgúnpá sọ fún ẹ pé àwọn wà ńbẹ̀. Síbẹ̀ Presto fi 162 sí 149 na wọ́n.

Ó dáa, ẹ wá gbé NBA sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tí Caidic ṣe nǹkan yìí, three tó pọ̀ jù tí ẹnì kan tíì jù wọlé nínú géèmù NBA kan ò ju 9 lọ. Mẹ́sàn-án! Ní sáà 1991 sí 1992 yẹn, tíìmù NBA kan lódidi, gbogbo àwọn tó wọ jẹ́sì wọn pọ̀, three tí wọ́n ń GBÌYÀNJÚ nínú géèmù kan kò pé 8 tá a bá fi iye géèmù wọn pín in dọ́gba, ká má tíì sọ èyí tó wọlé. Ọkùnrin kan ní Manila sì ti ju 17 wọlé lóun nìkan. Curry wá ṣe 13 ní 2016, gbogbo ayé pariwo, Klay Thompson, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nínú tíìmù, ṣe 14 ní 2018 nígbà tí wọ́n ń bá Chicago Bulls gbá, ayé tún pariwo, ó sì yẹ kí wọ́n pariwo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n 17 ti wà nílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́.

Kí n yára tún ohun kan ṣe níbí, torí àwọn tó mọ ìtàn yìí díẹ̀ náà máa ń sọ ọ́ sódì. Wọ́n á ní 79 ni póíǹtì tó pọ̀ jù tí ẹnì kan tíì jẹ nínú PBA. Rárá o. Òun ló pọ̀ jù tí ọmọ Philippines kankan tíì jẹ. Àwọn ímpọ́ọ̀tù, ìyẹn àwọn ará Amẹ́ríkà tí tíìmù kọ̀ọ̀kan máa ń gbà wọlé fún àwọn ìdíje kan lọ́dún, ti kọjá ibẹ̀, Michael Hackett jẹ 103 ní 1985, Tony Harris jẹ 105 ní 1992. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gbèjà Caidic fi òótọ́ gbèjà ẹ̀, òótọ́ ẹ̀ náà tó.

Ibo wá ni irọ́ yìí ti wá? Lójú tèmi, ohun tí NBA bá ṣe la máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ayé, torí òun la ń rí wò. Three-pointer gan-an kì í ṣe ọmọ NBA. Líìgì kan ní Amẹ́ríkà tí Abe Saperstein, olówó Harlem Globetrotters, dá sílẹ̀ ló kọ́kọ́ lò ó ní 1961, líìgì yẹn ò sì pẹ́ tó fi fọ́. ABA, líìgì Amẹ́ríkà mìíràn, gbé e láti 1967. NBA ò fojúure wò ó títí di 1979, nígbà tí wọ́n sì gbà á tán, ní sáà àkọ́kọ́ yẹn tíìmù kan ò gbìyànjú ju bíi mẹ́ta lọ nínú géèmù kan, 2.8 gangan, bíi pé wọn ò tiẹ̀ rí ìlà nílẹ̀. PBA gba ìlà náà ní 1980, ọdún kan péré lẹ́yìn NBA, nígbà tí FIBA tó ń darí básíkẹ́tì àgbáyé ò tíì gbà á, ó di 1984 kí tiwọn tó dé. Àwọn ará Philippines ti ń ju three lójú ogun fọ́dún mẹ́rin káwọn orílẹ̀-èdè tó kù tó fa ìlà yẹn sílẹ̀.

Ìdí tó fi bá wọn lára mu kò le láti rí. Orílẹ̀-èdè tí básíkẹ́tì ti jẹ́ ọba ni Philippines, bí a ṣe ń ṣe pẹ̀lú fúbọ́ọ̀lù níbí ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀, ní àdúgbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ní òpin títì, ẹ ó rí pákó tí wọ́n kan ríìmù mọ́, àwọn ọmọdé á wọ sílípáàsì máa gbá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló gbé e dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso ìlú náà, wọ́n sì gbà á débi pé ní 1954 wọ́n gba ipò kẹta ní ìdíje àgbáyé ní Rio de Janeiro. Ṣùgbọ́n wọn ò ga. Bí ẹ bá kúrú tí ẹ sì fẹ́ bá àwọn ará China jà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, wọn á kàn máa gba bọ́ọ̀lù lórí yín ni. Ọ̀nà àbáyọ ni kéèyàn dúró lókèèrè kó máa jù ú, kí ojú ẹ̀ sì dá.

Inú ìyẹn ni Caidic ti jáde. University of the East ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ó wọ tíìmù orílẹ̀-èdè tí Ron Jacobs ń kọ́, àwọn yẹn gba ife Asia tí wọ́n ṣe ní Kuala Lumpur láti ìparí 1985 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1986, ìyẹn ló yẹ kó gbé wọn lọ sí ìdíje àgbáyé ní Spain ní 1986, àmọ́ rúkèrúdò tó lé Marcos, ààrẹ wọn, kúrò nípò ní February ọdún yẹn bá gbogbo ẹ̀ jẹ́, wọn ò lọ mọ́. Ó ṣì ń ká mi lára. Ẹ ronú ohun tí ayé ì bá rí tí wọ́n bá jẹ́ kó ju three ní Spain lọ́dún kejì tí FIBA gba ìlà yẹn. Ó gba bronze ní Asian Games ti Seoul lọ́dún yẹn kan náà, ó gba silver ní Beijing ní 1990. Great Taste ló kọ́kọ́ mú un ní 1987 nígbà tí àwọn tíìmù PBA ń yan àwọn ọmọ tuntun, ó gba Rookie of the Year, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó dáa jù lọ́dún náà, ó wá gba MVP, ti ẹni tó gbá a dáa jù nínú gbogbo wọn, ní 1990. The Triggerman ni wọ́n ń pè é.

Bó ṣe ń jù ú ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò tẹ́ ẹ bá rí fídíò ẹ̀. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Kì í fi bọ́ọ̀lù dárà púpọ̀ bíi ti Curry, ẹsẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, á máa sá yí ká ẹ̀yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó dúró bí ògiri, dífẹ́ńdà á máa wá ọ̀nà àtikọjá, nígbà tó bá fi jáde lápá kejì ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kọjú sí apẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù kàn án lọ́wọ́ báyìí ó ti lọ. Kò gbé e sílẹ̀, kò wo ọ̀tún wo òsì. Nígbà tí dífẹ́ńdà á fi na ọwọ́ sókè, bọ́ọ̀lù ti wà lójú ọ̀run. Gbogbo nǹkan tá a rí lọ́wọ́ Klay Thompson tá a ń pè ní ìgbà tuntun, ọkùnrin yìí ti ń ṣe é pẹ̀lú ṣòkòtò pénpé kékeré ayé àtijọ́ yẹn.

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Wọ́n á ní PBA kì í ṣe NBA. Òótọ́ ni, àwọn tó ń gbá NBA ga jù, wọ́n yára jù, ìlà NBA sì jìnnà ju ti FIBA. N ò sọ pé kí wọ́n gbé Caidic ju Curry lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kọ́ nìyẹn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń ṣe é, ẹ sì ti rí ẹni tó ń ṣe é. Kì í sì ṣe òun nìkan. Ní 1987, ní Pan American Games ní Indianapolis, lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Oscar Schmidt ti Brazil jẹ 46 póíǹtì, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ ń ju three láti ìta títí wọ́n fi na Amẹ́ríkà 120 sí 115 nínú àṣekágbá. Lee Chung-hee náà wà ní Korea tó ń dà wọ́n láàmú ní Asia lásìkò kan náà. Àwọn tí wọn ò ní òmìrán ti rí agbára ìlà yẹn káwọn tó ní òmìrán tó rí i.

Kí wá ni Curry ṣe? Ó gbé e dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbé e dé. Three 402 wọlé nínú sáà 2015 sí 2016, ẹni kan ṣoṣo. Ó ń fi bọ́ọ̀lù dárà lọ́wọ́ kó tó jù ú, ó ń jù ú láti ibi tó jìnnà kọjá ìlà tí kóòṣì ayé àtijọ́ ì bá ti lé èèyàn jókòó, ó sì fagbára mú gbogbo líìgì tó lówó jù láyé yí bí wọ́n ṣe ń gbá padà. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ó sì tó fún un láìjẹ́ pé a gba tẹlòmíì kún un.

Ohun mìíràn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ṣebí àwọn Caidic yẹn gbá tiwọn tán, kò kan ẹnikẹ́ni mọ́, kò sí nǹkan tó jáde ńbẹ̀. Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Caidic fẹ̀yìn tì, three 1,242 ló wà lórúkọ ẹ̀ nínú PBA. Ó di kóòṣì Ginebra, àwọn tó ju 79 sí lára yẹn gan-an, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Kò gba ife kankan fún wọn, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Mo rò pé ó ṣòro fún ẹni tí ojú ẹ̀ dá bẹ́ẹ̀ láti fi sí ẹlòmíì lára, ẹsẹ̀ téèyàn lè kọ́ wọn wà, ọwọ́ yẹn ò ṣeé yá. Àmọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ dúró gẹgẹ, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kẹ́nikẹ́ni tó kọjá ẹ̀, ẹni tó kọjá ẹ̀ ni Jimmy Alapag, ọkùnrin ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 9, ọmọ Philippines tí wọ́n bí sí San Bernardino ní California. Ó parí sí 1,250.

Alapag yìí ló ju àwọn three tó já Korea kulẹ̀ ní Manila ní 2013 nígbà tí géèmù ń lọ sópin, tí Philippines fi padà sí ìdíje àgbáyé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ní Spain wọ́n na Senegal 81 sí 79 nínú àfikún àkókò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti 1974 tí wọ́n á borí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òun náà di kóòṣì, ó sì gba ife tiẹ̀, Alab Pilipinas gba ife líìgì àwọn orílẹ̀-èdè ASEAN ní 2018, wọ́n na Mono Vampire ti Thailand 3 sí 2. Lẹ́yìn náà Sacramento Kings pè é wá síbi Summer League, ìdíje ìgbà ooru tí wọ́n fi ń dán àwọn ọmọ tuntun wò, ní 2019, ó sì wá di igbákejì kóòṣì ní Stockton Kings, tíìmù tí àwọn Kings ti ń tọ́ àwọn ọmọ wọn fún NBA, ní California níbẹ̀.