“Omi Wa Dára” Kì Í Ṣe Ìdáhùn

Ó ti sú mi. Láàárọ̀ yìí ni mo tún mú ṣíbí, tí mo ń fi há inú ìkòkò tí mo fi ń se omi, tí èèpá funfun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń já wẹ́wẹ́ bí ọ̀dà ara ògiri àtijọ́. Kò tíì pé oṣù kan tí mo fi ọtí kíkan fọ ìkòkò yìí kan náà tó mọ́ tónítóní. Bí mo bá sì fẹ́ fọ aṣọ, mo lè fi ọṣẹ pa á títí ọwọ́ yóò fi máa ro mí; dípò kí ọṣẹ náà hó, ìdọ̀tí funfun kan ni yóò léfòó sórí omi, tí yóò sì wá lẹ̀ mọ́ ọrùn ẹ̀wù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ń fún wa ní omi ẹ̀rọ. Ìbéèrè méjì péré ni mo bi wọ́n: báwo ni omi yìí ṣe le tó, ìyẹn ni pé báwo ni èròjà òkúta tó yọ́ sínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí ló sì wà nínú rẹ̀ tó lè pa ènìyàn lára? Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn: “Omi wa dára fún mímu.” Nígbà tí mo fárígá, wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé líle omi náà jẹ́ 14.

Mẹ́rìnlá kí ni? Bí ó bá jẹ́ dígírì tí àwọn ará Jámánì ń lò ni, a jẹ́ pé nǹkan bí 250 mílígíráàmù nínú lítà kan ni, bí a bá fi kálísíọ́mù kábọ́nétì, ìyẹn èròjà inú òkúta ẹfun, wọ̀n ọ́n, omi náà sì le gan-an, nítorí pé ohun tó bá ti ju 180 lọ ni wọ́n sábà máa ń pè ní omi tó le gan-an. Bí ó bá jẹ́ dígírì ti Faransé, 140 ni. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, 200 ni. Bí ó bá sì jẹ́ mílígíráàmù lásán ni 14 náà dúró fún, omi rírọ̀ pátápátá ni mo ń lò, èèpá inú ìkòkò mi wá di iṣẹ́ àǹjọ̀nú. Ẹni tó bá kọ iye sílẹ̀ láìkọ ohun tí ó fi wọ̀n ọ́n kò sọ nǹkan kan.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé wọ́n ti lọ́ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ mọ́ra: líle omi, àti ohun tó lè pani lára nínú omi. Omi tó bá gba inú òkúta ẹfun kọjá yóò yọ́ kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ̀mù mọ́ ara rẹ̀, òun ni ó sì ń le. Àwọn èròjà méjèèjì yìí kì í ṣe májèlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kò fi òdiwọ̀n kankan lé líle omi nítorí ìlera. Ọṣẹ ni ó ń pa, páìpù ni ó ń dí, iná mànàmáná tí a fi ń se omi ni ó ń fi ṣòfò. Omi lè le kí ó má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Omi mìíràn sì wà tó rọ̀, tó mọ́ gaara, tí ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀ yọyọ, tí òjé tó jẹ́ májèlé sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé omi rírọ̀ a máa jẹ irin páìpù ju omi líle lọ.

Àìmọ̀ yìí ni àwọn tó ń ta asẹ́ omi fi ń jẹun. Ọ̀kan wá bá mi nílé pẹ̀lú irinṣẹ́ kékeré kan tó dà bí kálàmù, ó tì í bọ inú ife omi, nọ́ńbà sì yọ lójú rẹ̀. “Ẹ wò ó fúnra yín! Ẹ ò rí ohun tí ẹ ń mu?” Mo rí i dáadáa. Bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná kọjá ni irinṣẹ́ yẹn ń wọ̀n, láti fi díye gbogbo iyọ̀ tó yọ́ sínú rẹ̀. Kò lè rí kòkòrò àìfojúrí kan ṣoṣo. Mílígíráàmù odindi ni ó sì ń kà, nígbà tó jẹ́ pé 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n òjé. Ẹ̀rọ tí ọkùnrin náà fẹ́ tà fún mi yóò gba kálísíọ́mù, yóò fi sódíọ̀mù rọ́pò rẹ̀, kòkòrò yóò sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Àwọn kan tún ní kí n máa se omi náà kí n tó mu ún. Lóòótọ́, sísè ń pa kòkòrò, ó sì ń mú díẹ̀ kúrò nínú líle omi (ibẹ̀ gan-an ni èèpá mi ti wá). Ṣùgbọ́n òjé kì í bá oru lọ, bẹ́ẹ̀ ni náítíréètì tó ń ti ara ajílẹ̀ wọ inú omi kì í lọ. Bí omi bá ṣe ń gbẹ sí i lórí iná ni wọ́n ń ki sí i.

Nígbà tí mo wá béèrè ibi tí iléeṣẹ́ náà ti bu omi tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ibùdó tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ ni. Páìpù àtijọ́, ojú tí wọ́n fi òjé jó àti ẹnu ẹ̀rọ inú ilé ni òjé sábà ń gbà wọ inú omi, pàápàá èyí tó ti sùn sínú páìpù mọ́jú. Omi ibùdó yín kọ́ ni mò ń mu. Èyí tó jáde ní ilé mi láàárọ̀ ni.

Mo ti ń kọ ìwé kẹta lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bu omi, ibi tí wọ́n ti bù ú, ohun tí wọ́n wò nínú rẹ̀, iye tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni mo béèrè. Bí wọ́n bá tún fi “omi wa dára” dá mi lóhùn, màá kó èèpá tí mo há láàárọ̀ yìí sínú àpò ìwé, màá sì fi ránṣẹ́ sí wọn.