Igi tó wà lábẹ́ Fẹ́níìsì kò di òkúta

Ọ̀rọ̀ kan ti kárí ayé: pé àwọn igi tí wọ́n gbá wọlẹ̀ lábẹ́ ìlú Fẹ́níìsì, ní Ítálì, ti pẹ́ nínú omi iyọ̀ débi pé wọ́n ti di òkúta, àti pé ìdí nìyẹn tí ìlú náà kò fi tíì wó. Àwọn tó ń mú àlejò kiri ń sọ ọ́, fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ ọ́, ó sì dùn ún gbọ́. Kì í ṣe òótọ́. Igi ṣì ni igi yẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ tiẹ̀ ti rọ̀. Ohun mìíràn ló gbé ìlú náà dúró, ewu tó ń bá a fínra kò sì sí níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún èrò kan ṣe. Nítorí pé wọ́n máa ń pe Makoko l'Ékòó àti Ganvié ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní "Fẹ́níìsì ilẹ̀ Áfíríkà", ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí ilé Makoko ṣe dúró lórí opó, tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ni ti Fẹ́níìsì náà rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Erékùṣù kéékèèké bíi 118 láàárín ọ̀sà ni Fẹ́níìsì. Ilẹ̀ ni ilé ibẹ̀ jókòó lé, ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ni. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ ojú omi gba gbogbo kánáàlì ìlú náà já, ẹ kò ní rí orí igi ìpìlẹ̀ kankan, torí inú ẹrẹ̀ ló wà látorí dé ìdí. Ibí yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Bí ògiri bá máa dojú kọ kánáàlì, wọ́n á fi pátákó ṣe ọgbà onílà méjì yí ojú iṣẹ́ ká, wọ́n á ki amọ̀ sáàárín ìlà méjèèjì kí omi má baà rí ọ̀nà wọlé, wọ́n á wá gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù. Igi tí wọ́n máa gbá kì í gùn rárá: bíi mítà 1 sí mítà 3 àbọ̀, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 25. Oak, larch, elm, alder, oríṣiríṣi igi ni wọ́n lò. Wọ́n á gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Àwọn tó ń gbá a wọlẹ̀ ní orúkọ tiwọn nínú iṣẹ́ náà, battipali: wọ́n á jọ gbé òòlù ńlá sókè, wọ́n á jọ jù ú sílẹ̀, orin ni wọ́n sì fi ń ṣe é kí ọwọ́ wọn lè ṣọ̀kan. Etí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa yí bọ̀ wá sí àárín bí ìkarahun ìgbín ṣe yí. Bí igi ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹrẹ̀ àárín wọn ń ki, tí omi inú rẹ̀ ń jáde, títí igi kò fi ní fẹ́ wọlẹ̀ mọ́. Nínú mítà kan níbùú-lóròó, igi bíi 9 ló máa ń wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà wọ́n á rẹ́ orí gbogbo igi kó dọ́gba, wọ́n á fi àfọ́kù òkúta àti ti bíríkì dí àlàfo. Wọ́n á tẹ́ pátákó larch lé e nípele méjì tàbí mẹ́ta, ìpele kan dábùú èkejì. Zattaron ni wọ́n ń pe ìyẹn. Orí pátákó yìí ni òkúta Istria ń jókòó lé, òkúta funfun tí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ̀, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó wá láti òdìkejì òkun Adriatic. Orí òkúta náà ni bíríkì ti wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbàgbé òkúta yìí, a ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ẹ rí i pé iṣẹ́ igi wọ̀nyẹn kì í ṣe iṣẹ́ opó. Opó máa ń gbé ẹrù lọ bá ilẹ̀ líle nísàlẹ̀. Igi Fẹ́níìsì kúrú, púpọ̀ wọn kò sì dé ibi amọ̀ líle tí wọ́n ń pè ní caranto. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń há ẹrẹ̀ mọ́ra, tí igi, ẹrẹ̀ àti omi fi di odidi kan tó lè gba ẹrù. Amsterdam ni ìlú tí igi rẹ̀ jẹ́ opó gidi: ó máa ń gùn tó mítà 12, á gba inú ilẹ̀ rírọ̀ kọjá, á lọ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ yanrìn tó le. Igi 13,659 irú ìyẹn ló wà lábẹ́ ààfin tó wà ní gbàgede Dam, tí Jacob van Campen yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1648. Ẹni tó bá ń fi ìlú méjèèjì ṣe àpèjúwe ohun kan náà ti da nǹkan méjì pọ̀.

Fẹ́níìsì fúnra rẹ̀ kò ní igbó. Orí òkè Cadore ni púpọ̀ nínú gẹdú rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n á so ó pọ̀ bí ẹní, wọ́n á jẹ́ kó bá odò Piave sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọ̀sà. Etí omi gígùn tó ń jẹ́ Zattere lára gẹdú tí a so pọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti gba orúkọ. Titian tí gbogbo ayé mọ̀ sí ayàwòrán, Pieve di Cadore ni wọ́n bí i sí, ìdílé rẹ̀ sì ń ṣòwò gẹdú. Nígbà tó fi máa kú ní Fẹ́níìsì ní 27 Oṣù Kẹjọ 1576, lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn, ọdún pípẹ́ ni ọwọ́ ilé rẹ̀ ti wà nínú igi bí ó ti wà nínú ọ̀dà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ òkúta. Kí igi tó lè di òkúta, omi tó ní èròjà òkúta nínú gbọ́dọ̀ máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí èròjà náà sì gba ipò ara igi ní hóró kọ̀ọ̀kan. Igi tó ti di òkúta tí ẹ ń rí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lò nínú ilẹ̀. Kò sí ilé kankan ní Fẹ́níìsì tó pẹ́ tó ìyẹn. Iyọ̀ kọ́ ló pa igi yẹn mọ́, àìsí afẹ́fẹ́ ni. Olú tó ń jẹ igi kò lè gbé láìsí afẹ́fẹ́. Kòkòrò òkun tó ń lu igi, Teredo, omi tó ń ṣàn ló fi ń mí, kò lè gbé inú ẹrẹ̀ tó ki.

Ṣùgbọ́n pé igi kò jẹrà bí igi ìta kò sọ pé kò jẹrà rárá. Àwọn bakitéríà kan wà tí wọ́n lè ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Iṣẹ́ wọn falẹ̀, àmọ́ wọn kì í sinmi. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Padua àti ti Fẹ́níìsì ti yẹ igi ìpìlẹ̀ ìlú náà wò, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ nìyẹn: bakitéríà ti jẹ ẹ́, pàápàá lápá ìta. Irú igi bẹ́ẹ̀, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀, á dúdú, á wúwo, á dà bíi pé kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ lóde ti rọ̀. Ẹ gbé e sí oòrùn kó gbẹ: á sún kì, á là, á rún, nítorí omi ló ti gba ipò ohun tí bakitéríà jẹ, omi náà ló ń dì í mú tó fi jọ igi odidi. Òkúta kì í sún kì nínú oòrùn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé ìlú náà: ẹrẹ̀ dì igi mú, omi kún igi nínú, igi há ẹrẹ̀ mọ́. Ẹ mú ọ̀kan kúrò, méjì tó kù kò lè dá a ṣe.

Ilé ìṣọ́ agogo San Marco jẹ́ ẹ̀rí tó dára. Ní 1885, Giacomo Boni, ayàwòrán-ilé ọmọ bíbí Fẹ́níìsì, gbẹ́ ìdí rẹ̀ wò, ó bá igi rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ wọn. Ọdún 17 lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ 14 Oṣù Keje 1902, ilé ìṣọ́ náà wó lulẹ̀ pátápátá. Wọ́n ti lé àwọn èèyàn jìnnà, nítorí náà kò pa ẹnikẹ́ni. Ológbò olùṣọ́ ibẹ̀ nìkan ló bá a lọ. Ẹni tó bá gbọ́ lè rò pé igi ló jẹrà. Ògiri ni. Bíríkì rẹ̀ ti gbó, àrá ti sán pa á lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wá ń tún òrùlé Loggetta, ilé kékeré tí Jacopo Sansovino kọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣe, wọ́n gé wọ inú ògiri, lílà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, wọn kò hú igi àtijọ́ dànù. Wọ́n gbá igi larch tó lé ní 3,000 yí i ká kí ìpìlẹ̀ lè fẹ̀ sí i. Wọ́n ṣí i ní 25 Oṣù Kẹrin 1912.

Àsọdùn kejì tó máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ òkúta ni ti ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria della Salute. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn 1630 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní 1631. Baldassare Longhena ló yàwòrán rẹ̀, ó sì kú ní 1682, ọdún 5 kí wọ́n tó yà á sí mímọ́. Ìwé atọ́nà lóríṣiríṣi ń sọ pé igi 1,106,657 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bó bá jẹ́ igi 9 nínú mítà kan níbùú-lóròó, ilẹ̀ tí igi yẹn máa gbà yóò ju 122,000 mítà níbùú-lóròó lọ. Pápá bọ́ọ̀lù 17 nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní igi tó tín-ín-rín jù, ti sẹ̀ǹtímítà 10, ni wọ́n tò lára mọ́ra wọn láìsí àlàfo, ó ṣì máa gba ju 11,000 lọ, ṣọ́ọ̀ṣì náà kò sì tó pápá bọ́ọ̀lù kan. Nọ́mbà yẹn kò lè wọlé síbẹ̀. Ti Àfárá Rialto tí Antonio da Ponte kọ́ láàárín 1588 àti 1591 bọ́gbọ́n mu jù: bíi 6,000 lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kì í sì í ṣe gbogbo ilé ló ní igi lábẹ́. Ògiri etí kánáàlì àti ilé ńlá ló sábà máa ń ní in. Ògiri inú lè jókòó sórí amọ̀ lásán. Nítorí náà apá kan ilé máa ń rì ju ìkejì lọ, ìyẹn ni ẹ fi ń rí ògiri tó fì, ìlẹ̀kùn tó wọ́, àti irin tí wọ́n fi di ògiri mọ́ pátákó òrùlé àti ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó má baà ya.

Kí ló wá lè pa igi yẹn? Ẹ wo bricola, àwọn òpó oak tí wọ́n rì mọ́ inú ọ̀sà láti fi sàmì ọ̀nà ọkọ̀. Ìdí tó wà nínú ẹrẹ̀ á dára, orí á dára, ṣùgbọ́n àárín, níbi tí omi ti ń kún tó sì ń fà, á tín-ín-rín bí àárín agogo iyanrìn títí á fi kán. Igi kan náà ni, ọ̀sà kan náà. Ibi tí afẹ́fẹ́ àti kòkòrò ti rí i ló yàtọ̀. Ohun tó lè sọ igi ìpìlẹ̀ di bricola ni ìgbì tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń dá sílẹ̀. Ó ń fa ẹrẹ̀ jáde láàárín òkúta ìsàlẹ̀ ògiri, ó ń gbẹ́ ìdí rẹ̀. Bí orí igi bá ti yọ síta, Teredo á dé. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí wọ́n dí kánáàlì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n kó ẹrẹ̀ tó dí i kúrò, kí wọ́n sì ki ohun ìmọlé padà sáàárín òkúta. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lónìí wà lókè igi, níbi òkúta Istria. Àwọn tó kọ́ ìlú náà gbé òkúta yẹn ga ju ibi tí omi ń kún dé lásìkò wọn lọ, kí bíríkì má baà mu iyọ̀. Omi ti gòkè látìgbà náà. Canaletto, tí wọ́n bí sí Fẹ́níìsì ní 1697, máa ń fi camera obscura, àpótí òkùnkùn tó ń gbé àwòrán ohun tó wà níta wọ inú rẹ̀, ṣe àwòrán ilé, ó sì péye débi pé ó ya ìlà àwọ̀ ewé tí omi ń fi sára ògiri. Olùwádìí Dario Camuffo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ìlà yẹn nínú àwòrán rẹ̀, wọ́n lọ wọn ti ògiri kan náà lónìí: ó ti gòkè ní nǹkan bíi 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà. Lára rẹ̀ ni rírì tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ Porto Marghera ń fa omi inú ilẹ̀ títí di nǹkan bíi 1970. Ilẹ̀ ló rì, igi kọ́ ló jẹrà.

Omi iyọ̀ ti ń gun orí òkúta wá bá bíríkì báyìí. Bíríkì á fà á sókè; bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á kù nínú ihò bíríkì, á di hóró, á máa wú. Bíríkì á bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí ìyẹ̀fun. MOSE, ìlẹ̀kùn ńlá 78 tí wọ́n rì sí ẹnu ọ̀sà mẹ́ta, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé dìde sí omi gidi ní 3 Oṣù Kẹwàá 2020, ń dènà omi tó bá fẹ́ ga ju 110 sẹ̀ǹtímítà lọ. Kò lè ran bíríkì tí omi ojoojúmọ́ ń kàn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó bá ìyẹn mu ni èyí tí wọ́n ń pè ní cuci-scuci, "rán kí o sì tú": wọ́n á yọ bíríkì tó ti bàjẹ́ ní ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n tó kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ògiri má baà wó. Ibi tí àwọn kan ti ń ṣì í ni pé wọ́n á fi símẹ́ǹtì rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri, wọ́n á ní àwọ́n ti dí omi. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde nísàlẹ̀ á gun òkè kọjá símẹ́ǹtì, iyọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní mítà kan tàbí méjì sókè, lára bíríkì tí kò ní àrùn tẹ́lẹ̀.