Ta ló máa bá wa ṣe eré Kírìjì?

Olùdarí Eré: Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kíkọ la fi ń ṣe eré wa yìí. Ogun Kírìjì la gbé e kà, ìyẹn ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, ẹgbẹ́ ogun tí Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn mìíì jọ kó ra wọn jọ sí. Kálukú á kọ́kọ́ ka ìtàn ogun náà, á wá mú jagunjagun kan ṣe ẹ̀dá-ìtàn ẹ̀, á máa kọ ohun tí onítọ̀hún ṣe, èmi á sì kọ ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Mẹ́rin péré ni wá. Àwọn tó ń yọjú kì í dúró. Kí la lè ṣe?

Àyìnkẹ́: Mo ṣí ìtàn tẹ́ ẹ ní ká kọ́kọ́ kà. Ó ti gùn jù. Ẹni tó wá ṣeré ò wá ṣe ìdánwò. Ẹ sọ fún un pé: ilẹ̀ ń ṣú lọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní bùdó Èkìtì Parapọ̀, wọ́n rán ẹ lọ gbé ẹ̀tù ìbọn, ẹnì kan ń tẹ̀ lé ẹ bọ̀. Kí lo máa ṣe? Ẹni tó bá ti dáhùn ìyẹn ti wọlé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ò mọ̀ pé àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ló ń bá Èkìtì Parapọ̀ wá ìbọn ìgbàlódé, báwo ló ṣe máa mọ ohun tó ń ba àwọn jagunjagun Ìbàdàn lẹ́rù ní bùdó wọn ní Igbájọ? Á kàn máa ju idà kiri ni. Ìtàn ìran wa nìyí, mi ò fẹ́ ká sọ ọ́ di yẹpẹrẹ.

Àyìnkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní kẹ́ ẹ yọ ìtàn kúrò. Ẹ jẹ́ kó bá a pàdé lójú ọ̀nà. Tí ìbọn yẹn bá ti dún létí ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa bèèrè ibi tó ti wá.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà: Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ MUD, eré orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń ṣe, ní Yunifásítì Essex lọ́dún 1978, Richard Bartle sì bá a ṣe é. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni, síbẹ̀ àwọn èèyàn rọ́ lọ síbẹ̀. Lọ́dún 1996, Bartle kọ ọ́ pé ọ̀nà mẹ́rin ni ìfẹ́ àwọn tó ń ṣeré pín sí: àwọn kan ń wá àṣeyọrí, àwọn kan fẹ́ rìn káàkiri wo nǹkan, àwọn kan ń wá ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀, àwọn yòókù sì fẹ́ fìyà jẹ ẹlòmíì. Jagunjagun nìkan lẹ ní kéèyàn mú. Alárinà dà? Obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní bùdó ogun ńkọ́?

Ìyá Tóyọ̀sí: Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ohun tó lé èmi kúrò nínú irú eré báyìí rí ni pé màá kọ tèmi lọ́jọ́ Ajé, olùdarí ò ní fèsì títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ara mi á ti tutù. Ìtàn ì báà dùn bí oyin, ẹni tí wọn ò dá lóhùn máa lọ ni.

Àyìnkẹ́: Òótọ́ pọ́ńbélé! Ẹni tuntun ló tiẹ̀ yẹ kí wọ́n tètè dá lóhùn jù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Mo gba ti ìdáhùn kíákíá. Ti ìtàn ni mi ò tíì gbà. Ó kéré tán, ẹ fi í síbì kan tí ẹni tó bá fẹ́ ti lè rí i kà.

Olùdarí Eré: Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀tù ìbọn yẹn la fi máa bẹ̀rẹ̀, ìtàn á wà lọ́tọ̀. Ta ló máa mú olóúnjẹ?

Ìyá Tóyọ̀sí: Èmi ni. Ìgbà wo lẹ máa ń fèsì?

Olùdarí Eré: Alaalẹ́ ni, mà. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, mo ti wà níbẹ̀.