Ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ nìkan kò tó
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní tí ìpínlẹ̀ bá ti fún èèyàn níwèé àṣẹ láti ta igbó ìwòsàn (wíìdì tí wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn) ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ ò lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. California fàyè gbà á fáwọn aláìsàn ní 1996. Síbẹ̀, nínú ẹjọ́ Gonzales v. Raich ní 2005, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin àpapọ̀ ṣì de aláìsàn tó ń gbìn ín sílé. Ọ̀pọ̀ báńkì ò tiẹ̀ gba owó àwọn tó ń tà á. Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwa tó ní gíríìnkáàdì, ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí lọ: láti 2019 ni iléeṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ti kéde pé iṣẹ́ nídìí òwò igbó, bí ìpínlẹ̀ tilẹ̀ fọwọ́ sí i, lè dí èèyàn lọ́nà àtidi ọmọ onílùú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún ohun tẹ́ ẹ kọ.