Owó ààbò erin kì í ṣe owó òfò

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ pé erin ti tán nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, pé ẹni tó ń dáwó fún ààbò wọn kàn ń dáwó oúnjẹ fún ẹranko tí kò sí, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Erin ṣì wà nínú igbó ọba Ọmọ, ní Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn. Ẹ̀rọ ayàwòrán tí wọ́n so mọ́ igi ti yà wọ́n.

Òótọ́ ni pé wọn kò pọ̀ mọ́, ìdí tí a fi ń dáwó gan-an nìyẹn. Ní 2021, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹranko àti igbó, ka erin inú igbó kìjikìji mọ́ àwọn ẹranko tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Oyún erin ń tó nǹkan bí oṣù 22, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí. Bí ọdẹ bá pa abo kan lónìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Erin yìí náà ló ń jẹ èso òro, tó ń fi ìgbẹ́ tú kóró rẹ̀ káàkiri igbó. Òro tí a ń fi apọ̀n rẹ̀ sebẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń ra oúnjẹ fún erin. Owó oṣù ẹ̀ṣọ́ igbó, bàtà àti epo ọ̀kadà ni irú owó bẹ́ẹ̀ wà fún. Igbó tó ju hẹ́kítà 130,000 lọ, tí agégẹdú àti olóko kòkó ń wọ̀, ta ló lè fẹsẹ̀ lásán ṣọ́ ọ?

Bí ẹ bá ń fura sí ẹni tó ń gbowó, ẹ ní kó ṣírò rẹ̀ fún yín. Ẹ̀tọ́ yín ni.